Ọmọ Tí Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba Márùn-ún Ń Tọ́, Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọ́

Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 40 ni kò ga tó bí ó ti yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí wọn ga. Kì í ṣe alátakò ìjọba ni ó kà wọ́n. Ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe láàrin ọdún 2023 sí 2024 ni ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí kan náà ní 2018, 37 ni. Láàrin ìwádìí méjèèjì, ààrẹ kan lọ, òmíràn dé. Àwọn gómìnà kan parí sáà wọn, wọ́n sì kọjá sí ilé aṣòfin àgbà tàbí sí ipò mínísítà. Wọ́n ṣí afárá, wọ́n ṣí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gé ríbọ́nù títí ọwọ́ fi rọ wọ́n. Àwọn ọmọ nìkan ni kò ga sí i.

Ìwádìí yẹn kan náà gbe ìjọba níbì kan, kò sì yẹ ní fífi pamọ́. Ní 2018, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 132 ni ó ń kú kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Iye náà ti wálẹ̀ sí 110. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn agbẹ̀bí tí ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn láìsí iná kò ṣi ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, tí kò rí oúnjẹ tí ó lè mú ọpọlọ àti egungun rẹ̀ dàgbà, ààbọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ènìyàn ń dàgbà jùlọ. Ohun tí ó bá sì fò ọmọ kọjá nígbà náà, ìwé ọ̀fẹ́ àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ta ni ó yẹ kí ó dáhùn fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni àrùn tí ń ṣe wọ́n. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ni ó ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, SUBEB, ni wọ́n ni kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni ó ni ìyá ọmọ. Ilé-iṣẹ́ ètò ìṣúná ni ó ni ìgbìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, ó sì máa ń pè é jọ nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun bá ń bọ̀. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Àjọ tí ń ka iye ènìyàn, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ni ó ni ìwé ẹ̀rí ìbí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ní Makurdi tàbí ní Dutse lè wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta kí ó tó pé ọdún kan, kí ọ̀kankan nínú àwọn ìwé náà má sì bá èkejì sọ̀rọ̀. Bí kò bá padà wá gba abẹ́rẹ́ kejì, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ibi tí ó wà. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún tí kò sì dé ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ àgbà tí ó wà ní òpópónà kejì kò mọ̀ pé wọ́n bí i rí.

Ó sì tún ku ọ̀kan tí kò sí nínú òfin rárá: ọ́fíìsì aya gómìnà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò mọ̀ ọ́n, ilé aṣòfin kì í yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ aboyún àti ọmọ ọwọ́ sí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọmọ kò ju ẹ̀bùn àti àánú lọ. Wọn yóò pín ìdọ̀họ́ fún igba ìyá níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, wọn yóò sì sọ ètò náà ní orúkọ tí ó dùn. Ní ọjọ́ tí ọkọ bá kúrò lórí oyè, ètò náà kú. Aya gómìnà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ìdọ̀họ́ mìíràn. Kò sí ẹni tí ń fi ọ̀nà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ lé aya gómìnà lọ́wọ́. Ọmọ nìkan ni wọ́n rí tí ó wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òfin wà, kì í ṣe pé kò sí. Abala 17 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé kí ìjọba dáàbò bo àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ìpatì, ó sì sọ pé kí ìjọba gbé ìgbé-ayé ẹbí lárugẹ. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sì tún rí i dájú, ní abala 6, pé kò sí ẹni tí ó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 2003. Ó gba àwọn ìpínlẹ̀ kan ní nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ di òfin tiwọn, ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí òfin náà jáde sì ti ń dìbò kí òfin náà tó dé ìlú rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 sọ kedere pé ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì ya ìdá 2 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ náà lódindi. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni pé kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí tàpapọ̀ tó dé. Lọ́dọọdún ni ìròyìn ń jáde pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ṣì wà nílẹ̀ ní Àbújá tí àwọn ìpínlẹ̀ kò wá gbà, nítorí pé wọn kò fi ti ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn gómìnà kan náà ni wọ́n ń sọ pé kò sí owó.

Orúkọ tí Yorùbá fún kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí pàápàá ń tú àṣírí. Jẹ́lé-ó-sinmi: kí ọmọ jáde, kí ilé lè rí ìsinmi. Nínú orúkọ náà, ilé ni wọ́n ń rò, wọn kò ro ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ń ṣe é títí di òní. Wọn yóò wá yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kó ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún sínú rẹ̀ papọ̀, olùkọ́ tí ó sún mọ́ ìfẹ̀yìntì jùlọ ni wọn yóò sì gbé síbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò le lójú wọn. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ipele kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tí ó wà ní yàrá kejì ń gbọ́ òórùn ìrẹsì. Ghana fi ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn láti 2007. Kò lówó ju Nàìjíríà lọ nígbà náà, kò sì ní epo tí ó tó ti Nàìjíríà.

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ pé ọmọ títọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, pé ẹbí ni ó ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń pa òwe náà sọ ibi tí igba ènìyàn náà wà. Ìyá àgbà wà ní abúlé, kò sì sí owó ọkọ̀ tí yóò fi wá. Àbúrò ìyá ti kọjá sí Èkó tàbí sí Líbíyà. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá kan ní Mararaba, ní etí Àbújá, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ kí ó lè dé ọ́fíìsì tí ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó dé. Àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, àwọn náà ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ó bá pa òwe náà fún un láàárọ̀ ọjọ́ ajé, kí ó bá a gbé ọmọ.

Ohun tí ó rọ́pò igba ènìyàn wà níbẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tàbí méjìlá ni, tí wọ́n mú láti abúlé wá. Òun ni ó ń wẹ ọmọ, òun ni ó ń gbé e pọ̀n, òun ni ó ń po ògì fún un, òun náà ni wọ́n ń nà bí ọmọ bá ṣubú. Òun fúnra rẹ̀ kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ka gbígba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ léèwọ̀, àwọn tí wọ́n sì dìbò fún òfin náà mọ irú ẹni tí ń gbé ọmọ tiwọn pọ̀n nílé. Ètò ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní Nàìjíríà, ó gbòòrò, ó dé gbogbo ìpínlẹ̀: ẹ̀yìn àwọn ọmọdé mìíràn ni wọ́n gbé e lé. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ iye ọmọbìnrin tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ibi ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ létí ọjà àti létí iléeṣẹ́, kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ tí ó ti wà láti ayé ológun fún ìyá ọlọ́mọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ó tún fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ààbọ̀ wákàtí láti Àbújá sí Mararaba! Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ tirẹ̀ di oṣù mẹ́fà fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́ ní 2014, ó sì fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ilẹ̀ kò ya, ìjọba Èkó kò sì wó. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá ni gbogbo èyí ń bá wí. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni: alátà, aránṣọ, aláàárù, obìnrin tí ń ro oko onílé. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọ̀gá tí yóò fún wọn ní ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba yóò gbé pátákó sí ìkóríta pé kí ìyá fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 ni ó rí i bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ní 2023 sí 2024, 29 náà ni. Pátákó kì í bá ìyá ta ọjà.

Ohun tí ó lè bá a ta ọjà wà, wọ́n sì ti dán an wò ní ilẹ̀ yìí. Láti 2013 títí di 2019, ètò kan wáyé ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Zamfara, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san owó rẹ̀. Obìnrin tí ó bá lóyún ń gba 3,500 náírà lóṣooṣù, tí ó di 4,000 lẹ́yìn náà, títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì, ó sì ń gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ti ń bọ́ ọmọ. Wọn kò béèrè ohun tí ó fi owó náà ṣe. Àwọn olùwádìí tí kì í ṣe ara ètò náà fi àwọn abúlé tí ó gba owó wé àwọn tí kò gbà. Àwọn ọmọ tí ó ga tó ọjọ́ orí wọn pọ̀ sí i, kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó hàn. Oúnjẹ wọn dára sí i. Àwọn ìyá tí ń fúnni lọ́mú nìkan pọ̀ sí i. Àwọn obìnrin tí àwọn kan ń bẹ̀rù pé owó ọ̀fẹ́ yóò sọ di ọ̀lẹ, wọ́n ra ewúrẹ́, wọ́n sì fẹ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì tán, ètò náà tán. Ètò owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023, 25,000 náírà fún oṣù mẹ́ta, kò tíì jìnnà kí ìwádìí ìwà ìbàjẹ́ tó dá a dúró ní oṣù kìíní 2024. Àwọn tí owó náà tọ́ sí ni wọ́n jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó pín in.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó rí, nígbà náà? Àpẹẹrẹ kan ti wà. Ní 2011, ìgbìmọ̀ ètò ìlera orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí gbogbo iṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá sí abẹ́ òrùlé kan: ìgbìmọ̀ kan, ètò kan, àpò kan. Títí di ìgbà náà, nọ́ọ̀sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, oògùn jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé jẹ́ ti ẹni tí ó bá rántí rẹ̀. Kò yọrí dọ́gba níbi gbogbo. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fún ìgbìmọ̀ wọn ní agbára àti owó, àwọn mìíràn fún un ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé gómìnà lè kó ohun tí ó fọ́nká jọ bí ó bá fẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nílò òrùlé bẹ́ẹ̀. Kí òfin ìpínlẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, kí gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí kọmíṣọ́nnà ìlera, ti ẹ̀kọ́, ti ọ̀rọ̀ obìnrin àti ti ìṣúná jókòó pẹ̀lú àwọn alága ìbílẹ̀. Kí àwọn ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí àwọn imaamu àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn wà níbẹ̀, nítorí pé inú ọgbà wọn ni àwọn ìyá wà. Kí nọ́mbà kan ṣoṣo tẹ̀lé ọmọ láti ilé ìgbẹ̀bí dé kíláàsì kìíní, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkan, tí orúkọ rẹ̀ hàn, láti wá a lọ sílé bí ó bá sọnù lójú ọ̀nà.

Àwọn gómìnà yóò sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Ó dùn ún gbọ́ lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, nítorí pé àwọn gómìnà ti ń dì í mú. Láti ìgbà náà, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti má jẹ́ kí ìdájọ́ náà ṣẹ ì bá ti tó láti fi kọ́ ibi ìtọ́jú ọmọ sí gbogbo wọ́ọ̀dù. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò oúnjẹ aṣaralóore kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, tí wọ́n ní yóò dé gbogbo ìbílẹ̀ 774. Ètò tí ó dára ni lórí ìwé. Ìbílẹ̀ tí kò rí owó tirẹ̀ gbà kò ní ìkòkò tí wọn yóò fi se é.

Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti pa ìlànà èdè orílẹ̀-èdè ọdún 2022 rẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi máa kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí pé èdè ìbílẹ̀ ni ó ń fa kí àwọn ọmọ máa kùnà nínú ìdánwò. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ní Kano tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń béèrè omi ní Hausa ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan; àwọn ọmọ náà kò rẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba tí kò tíì rí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ fi sí kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ ti rí èdè tí yóò di ẹ̀bi lé lórí. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ìyá kankan.

Ìdí tí gbogbo èyí fi rọrùn fún wọn kò ṣòro láti rí. Ọmọ ọlọ́dún méjì kò ní káàdì ìdìbò. Ìyá rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ìrẹsì ni wọ́n fi ń wá a nígbà ìdìbò, kì í ṣe ìbéèrè. Ìdìbò 2027 ń bọ̀, àwọn olùdíje yóò sì wá sí ọjà. Kí àwọn ìyálọ́jà béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ di gómìnà pé èló ni yóò ná lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ní ojú ewé wo nínú ìṣúná ni iye náà wà, àti orúkọ ẹni tí wọn yóò dì mú bí owó náà kò bá jáde. Nínú ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀, owó tí ó wà fún ọkọ̀ ìjọba, fún ìrìnàjò, fún ìtọ́jú ilé gómìnà, ìlà tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni sì lè fi ìka tọ́ ọ. Ti ọmọ wẹ́wẹ́ fọ́n ká sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ márùn-ún, gómìnà tí ó sì lè ro ó pọ̀ lójú ẹsẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní ìparí ọdún ni wọ́n sábà máa ń gbé ìwé náà wá síwájú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Kí àwọn aṣòfin má fọwọ́ sí èyí tí ìlà náà kò bá sí nínú rẹ̀.